Ajá Inú Àpótí Ìyá Rédíò

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Ìyá Rédíò, kó gbé nǹkan tó bàjẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó wá sọ pé, "Màmá, ẹ kàn bá mi gbá a lẹ́ẹ̀kan, á ṣiṣẹ́." Yéè! Ọjọ́ náà á le. "Gbá a kẹ̀? Ìwọ náà, tí inú bá ń run ọ́, ṣé wọ́n máa ń gbá ọ létí kó lè lọ?" Obìnrin kúkúrú ni, awò ojú méjì ló máa ń so kọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún wáyà, ọ̀kan fún èèyàn, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi tún rédíò ṣe nínú yàrá kan tó kọjú sí títì, òun àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀. Ọkọ wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyàwó wà lẹ́yìn kọ́tìnì pẹ̀lú irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé. Ẹni tó bá wọlé, aṣọ ló máa fojú rí, èéfín òjé ló máa fimú gbọ́.

Nígbà tó yá, rédíò ò wá mọ́. Fóònù ti gbé rédíò mì káló. Ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má ká kọ́tìnì náà sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kó pa iṣẹ́ náà tì, kó lọ máa gbé ọmọ-ọmọ jó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò tíì gbọ̀n, ojú mi ò tíì fọ́, kí ni mo fẹ́ jókòó sójú kan ṣe bí àga?" Ó lọ ra ìwé kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ògbólógbòó ìwé, ó tún ra ṣíípù mẹ́ta. Ṣíípù yìí ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àmọ́ ó ní ọpọlọ tirẹ̀. Ètò tó o bá kọ sí i nínú ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ dé àárọ̀, kò ní rẹ̀ ẹ́, kò ní bèèrè oúnjẹ.

Ọdún méjì ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò náà. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, kò rọrùn. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé. Ìyá Rédíò á kà á, á bú ẹni tó kọ ọ́, á tún kà á. Lọ́jọ́ tí iná kékeré àkọ́kọ́ ṣẹ́jú lórí tábìlì rẹ̀ nítorí ètò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ariwo tó pa pọ̀ débi pé ọkọ rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Ẹnì kankan ò kú o! Ẹ wá wo iná!"

Télọ̀ wá, ó wo iná, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Iná tó ń tàn tó ń kú. Èyí tó wà ní òrùlé wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwa kàn máa ń bínú sí i ni." Ìyá Rédíò fi ìwé jù ú.

Bí iṣẹ́ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó wá di ti Ọ̀gá Adìẹ ni orúkọ rẹ̀ tó tàn dáadáa. Ọ̀gá Adìẹ ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ni ilé ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun títì, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga bí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹyin ẹgbẹ̀rún kan ló ń gbà, ẹ̀rọ yóò sì bá adìẹ sàba lé wọn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún títí àwọn òròmọdìẹ yóò fi jáde. Gbogbo àwọn tó ń sin adìẹ ní agbègbè náà, ọwọ́ ọkùnrin yìí ni wọ́n ti ń kó òròmọdìẹ, ẹnu rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gbọ́ irú ẹ̀rọ tó dára àti irú oníṣẹ́ tó ṣe é gbára lé. Nígbà tí àpótí tó ń darí ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ náà kú, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò dáhùn lẹ́tà mọ́, Ìyá Rédíò ló bá a ṣe òmíràn.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni àpótí náà ń ṣe. Ó ń bi sẹ́ńsọ̀, ìyẹn irin tín-ín-rín kan tó wà láàárín ẹyin, pé báwo ni ooru ṣe tó. Ó ń tan hítà, ó sì ń pa á bó ṣe yẹ. Ní wákàtí wákàtí, ó ń yí ẹyin padà bí ìyá adìẹ ṣe máa ń fẹnu yí wọn. Ó sì ń kọ nọ́ńbà ooru sójú kékeré kan níwájú kí èèyàn lè kà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú náà, Ìyá Rédíò fi iná kékeré kan síbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé àpótí náà wà láàyè. Oṣù márùn-ún kọjá, ẹyin ń pa, inú gbogbo èèyàn dùn. Bí wọ́n bá bi Ìyá Rédíò pé báwo ni iṣẹ́, á ní, "Àwọn ọmọ mi lọ́ọ̀dẹ̀ Ọ̀gá Adìẹ ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹ bá mi dúpẹ́."

Àfi bí ọ̀sán ọjọ́ kan tí àṣírí tú.

Ọmọbìnrin kan ló ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ náà, Olórin ni wọ́n ń pè é nítorí pé ó máa ń kọrin fún ẹyin láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ náà, ẹyin ti lo ọjọ́ méjìdínlógún. Olórin jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó wo nọ́ńbà, nọ́ńbà pé. Ó wo iná, iná ń ṣẹ́jú. Ó ń bá orin rẹ̀ lọ. Ìgbà tó fẹ́ bu omi sínú ẹ̀rọ tó ṣílẹ̀kùn, ooru tó gbá a lójú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ẹgbẹ̀rún ẹyin ti jinná sínú èèpo.

Kí Ìyá Rédíò tó débẹ̀, Ọ̀gá Adìẹ ti ń fìbínú na ìka sí Olórin lójú. "O sùn! Má purọ́ fún mi, o sùn ni! Ta ló wà lójúfò tí ẹyin máa jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?" Olórin ń sunkún, ó ń búra. Ìyá Rédíò sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó pa awò èèyàn dà, ó fi awò wáyà wọ̀, ó ṣí àpótí. Kò pẹ́ tó fi rí i. Sẹ́ńsọ̀ ti dákẹ́. Ètò bi í pé báwo ni ooru ṣe tó, kò dáhùn, ètò sì dúró síbẹ̀ tó ń retí èsì, tó ń retí, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró ní oríta tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Hítà tó ti tàn kí ètò tó dúró, ó wà ní títàn. Nọ́ńbà tó ti kọ sójú, ó wà bẹ́ẹ̀. Iná kékeré nìkan ló ń ṣẹ́jú, nítorí pé aago inú ṣíípù ló ń tan án, aago sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí ohun tó kàn án bóyá ètò dákú tàbí kò dákú.

Ẹ gbọ́, obìnrin yìí ì bá dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Nínú gbogbo ilé yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó lè ka ètò. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n ó pa àpótí dé, ó kọjú sí ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Kò sùn. Iná tí mo fi síbẹ̀ ló parọ́ fún un. Ẹ̀bi tèmi ni."

Ọ̀gá Adìẹ wò ó títí, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Màmá, mo gbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ò pa ẹyin. N ó tún kó ẹgbẹ̀rún kan sí i, ọjọ́ mọ́kànlélógún. Tó bá tún rí báyìí, ẹ ó gbé àpótí yín, ẹni yòówù tó bá sì bi mí nípa iṣẹ́ yín, ohun tí mo rí ni mo máa sọ."

Kò pariwo bó ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dun Ìyá Rédíò. Ó mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti ẹnu Ọ̀gá Adìẹ jáde, kò sẹ́ni tó máa ká kọ́tìnì òun sókè mọ́. Ọdún méjì tó fi kàwé, tó fi bú oníwèé, á pòfo, wọ́n á sì gbé e sójú kan bí àga lóòótọ́.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń lò fún irú ìdákú bẹ́ẹ̀. Ajá ìṣọ́ ni wọ́n ń pè é. Kò ní ìrù, kì í gbó. Òǹkà lásán ni: wàá gbé nọ́ńbà kan kalẹ̀, aago inú ṣíípù á máa dín in kù. Iṣẹ́ ètò ni láti máa bọ́ ajá, ìyẹn ni pé kó máa dá nọ́ńbà náà padà sókè kó tó di òdo. Bí ètò bá dákú, kò ní sí ẹni tó máa bọ́ ajá. Nọ́ńbà á di òdo, ajá á sì bu gbogbo ilé jẹ: á pa hítà, á mú ṣíípù bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àwọn ṣíípù kan máa ń bá ajá tiwọn wá láti ilé iṣẹ́. Irú èyí tó wà lọ́wọ́ Ìyá Rédíò ò ní. Ó ní kò burú, òun á fọwọ́ ara òun kọ́ ajá tòun.

Ó kọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó fún ajá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin: bí kò bá rí oúnjẹ láàárín ìyẹn, kó bunijẹ. Ó dára. Àmọ́ ìgbà tí àpótí fẹ́ yí ẹyin padà, wàhálà dé. Yíyí ẹyin máa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, nítorí wọn kì í fi ìkánjú yí ẹyin. Kí ètò tó yí i dé ìdajì, ajá ti bù ú jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún yí i dé ìdajì, ajá tún bù ú jẹ. Ìyá Rédíò fi gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kan bá ajá jà. "Ajá ìránù! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lo ń bù jẹ?" Inú bí i, ó wá ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó gbé oúnjẹ ajá kúrò nínú ètò, ó lọ gbé e síbi tí iná kékeré ti ń ṣẹ́jú. Ibẹ̀ kì í pẹ́, aago ibẹ̀ kì í pa àsìkò jẹ. Ajá dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹyin yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ìjà.

"Ó ti gbọ́ràn!" ni Ìyá Rédíò wí, ó sì jó láti ìdí tábìlì dé ìdí kọ́tìnì.

Lọ́jọ́ kejì ló dán an wò. Ó fi gílóòbù kan dípò hítà sórí tábìlì, ó jẹ́ kó tàn, ó wá fa wáyà sẹ́ńsọ̀ yọ kó lè dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka mẹ́rin, gílóòbù ń tàn. Ó ka mẹ́wàá. Ó ka ọgọ́ta. Iná kékeré ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, ajá ò mira, gílóòbù ti gbóná débi pé kò ṣe é fọwọ́ kàn. Ìyá Rédíò fa iná rẹ̀ yọ. Tó bá jẹ́ inú ẹ̀rọ ni, ẹgbẹ̀rún ẹyin mìíràn ti lọ nìyẹn. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ò dára, kò mọ ibi tó wà.

Ìgbà tó wà bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ pè é láti iwájú, bó ṣe máa ń pè é lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ wá.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Hẹn-ẹn."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ọkùnrin náà dìde, ó ká kọ́tìnì sókè, ó wo abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìdérí wà lórí rẹ̀. Ó ṣí i, oúnjẹ wà níbẹ̀ bí òun ṣe bù ú sí.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Hẹn-ẹn rẹ yìí, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹnu nìkan ló ń sọ ọ́, ìwọ ò sí níbẹ̀. Bí mo bá bi ọ́ pé ṣé o ti kú, hẹn-ẹn náà ni wàá sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ẹnu rẹ sílẹ̀ o. Abọ́ ni mo máa ń wá wò."

Ìyá Rédíò gbójú sókè. "Ẹ tún un sọ."

"Mo ní oúnjẹ rẹ ti tutù."

"Rárá, ti abọ́! Ẹ tún ti abọ́ sọ!"

"Abọ́ ni mo máa ń wò, mi ò gba ẹnu rẹ gbọ́. Kí ló dé tó o ń wò mí bí ẹni rí òkú?"

Ìyá Rédíò fò dìde, ó gbá ọkùnrin náà mọ́ra tòun ti téèpù ìwọnṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Iná kékeré yẹn, hẹn-ẹn ni! Hẹn-ẹn ló fi ń bọ́ ajá, ajá ń yó, ilé ń jó. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi bọ́ ajá ni iṣẹ́ tó ti parí, abọ́ tó ti ṣófo, kì í ṣe ohùn ẹni tó kàn ń dáhùn. Ó jókòó ti oúnjẹ tútù náà, ó jẹ ẹ́ tán láti fi ṣe ẹ̀bẹ̀, ó sì tún ètò náà kọ láti orí dé ìsàlẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó ń bi sẹ́ńsọ̀, àfi tó bá gba èsì tán kó tó lè fi àmì sí abọ́ tirẹ̀. Èyí tó ń darí hítà, bákan náà. Èyí tó ń kọ nọ́ńbà, bákan náà. Èyí tó ń yí ẹyin, tó máa ń pẹ́, ó gé iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kó máa yí i díẹ̀, kó fi àmì sílẹ̀, kó tún yí i díẹ̀. Nínú gbogbo ètò náà, ibì kan ṣoṣo ni oúnjẹ ajá wà, ẹni tó wà níbẹ̀ á sì wo abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó ṣí ìkòkò. Tí ọ̀kan ò bá ní àmì, ajá ò ní jẹun; bí ajá bá sì jẹun tán, àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pa rẹ́, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún fi tuntun sí i. Ẹnì kan ò lè dáhùn fún ẹnìkejì. Ó tún fi òfin kan kún un: bí ajá bá bunijẹ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí hítà kú pátápátá, kí agogo máa dún títí èèyàn yóò fi dé. Iná kékeré ńkọ́? Ó hú u jù nù.

Ọjọ́ tó dán èyí wò, ó pe ọkọ rẹ̀ wá jókòó. Ó fa wáyà yọ. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, pá! Gílóòbù kú. Ó fò sókè bí ọmọdé. Ó dá wáyà padà, ó tún fà á. Pá! Ó wá mọ̀ọ́mọ̀ dá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró nínú ètò, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti rí i pé ajá mọ gbogbo wọn. Télọ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ fa ilà kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ.

"Mélòó?"

"Mọ́kàndínlógójì. Ó ti tó báyìí, ìyàwó mi. Á ti sú ajá náà."

"Ẹ jẹ́ kó pé ogójì." Ó fà á, gílóòbù kú. Ogójì nínú ogójì.

Ó gbé àpótí náà lọ fúnra rẹ̀, ó sì dè é mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n kó ẹgbẹ̀rún ẹyin sí i. Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni Ìyá Rédíò ń lọ wò ó. Yóò dúró síwájú ẹ̀rọ, yóò ka nọ́ńbà, yóò ṣílẹ̀kùn, yóò tún fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹyin láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni nọ́ńbà ń sọ. Olórin á ní, "Màmá, mo ti wò ó o." Á ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Èmi náà fẹ́ wò ó." Ọjọ́ méje kọjá, ọjọ́ mẹ́rìnlá kọjá. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, kò lè jẹun láàárọ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ sì bi í pé ṣé ó ti jẹ ẹ́, ó ní rárá, ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún, ìró ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà: kíó, kíó, kíó, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ṣùgbọ́n tó ní ẹ̀mí nínú. Òròmọdìẹ ẹgbẹ̀rún dín díẹ̀ ló kún inú ẹ̀rọ, àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ṣì tutù, ọ̀kan ṣì fi èèpo ṣe fìlà. Àwọn tó wá kó òròmọdìẹ ti tò síta pẹ̀lú páálí wọn. Olórin ń kọrin, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Ọ̀gá Adìẹ ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn ọwọ́ Ìyá Rédíò. Ló bá la ẹnu.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ó dára gan-an. Àmọ́ ajá yín tẹ́ ẹ ròyìn fún mi yìí, kò gbó o! Ọjọ́ mọ́kànlélógún, a ò gbọ́ fín-ín. Ẹyin yìí ì bá pa láìsí i. Bóyá ti ìgbà yẹn, orí burúkú lásán ni, tí tòní sì jẹ́ orí ire."

Kò ní in lọ́kàn láti bú u. Àmọ́ ó wọ Ìyá Rédíò lára. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: kéèyàn ṣe iṣẹ́ tó dára débi pé kò sẹ́ni tó rí i, kí wọ́n wá kà á sí àìṣiṣẹ́!

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sún mọ́ ibí." Ó fi awò wáyà wọ̀. Ó fi ìka méjì tẹ bọ́tìnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí kò fi han ẹnikẹ́ni. Ó ti kọ ọ́ sínú ètò pé nígbàkigbà tí ajá bá bunijẹ, kó kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, àti abọ́ tí kò ní àmì, síbi tí kò ti ní pa rẹ́ bí iná bá tilẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì wò ó. Ẹ̀rù ló bà á láti wò ó kí ọjọ́ tó pé. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń retí ọ̀kan, bóyá méjì.

Ojú kékeré náà kọ mọ́kànlá.

"Kí ni mọ́kànlá?" ni Ọ̀gá Adìẹ bi í.

Ìyá Rédíò tẹjú mọ́ ọn. Ó tẹ bọ́tìnì, wọ́n ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kejì, ọ̀sán. Ọjọ́ karùn-ún, àárọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn, sẹ́ńsọ̀ ni kò dáhùn. Olórin sáré lọ mú ìwé tó máa ń kọ nǹkan sí lójoojúmọ́, ó ṣí i, ó ń fi ìka tọ ọ́. "Màmá, ẹ̀rọ omi ni! Ẹ wò ó, ọjọ́ kejì, ọ̀sán, wọ́n tan ẹ̀rọ omi. Ọjọ́ karùn-ún, àárọ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ omi." Bí ẹ̀rọ ńlá tó ń fa omi láti inú kànga, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá lọ́sẹ̀ tí ẹyin jóná, bá ti ta kìjí, iná inú ilé á mì, sẹ́ńsọ̀ á yadi.

"Ọ̀gá," ni Ìyá Rédíò wí, "ìgbà mọ́kànlá ni ètò dákú bó ṣe dákú lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà mọ́kànlá ni ajá bù ú jẹ tó sì jí i. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó ti parí. Ẹyin ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀."

Ọ̀gá Adìẹ wo ojú kékeré náà, ó wo àwọn òròmọdìẹ, ó tún wo ojú kékeré náà. "Ìgbà mọ́kànlá ni wọn ì bá ti jóná?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó wọn, Ọ̀gá. Mẹ́wàá tó kù, èènì ni."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí Olórin, ó ní, "Mo pè ọ́ ní olóorun lójú gbogbo ayé. Lójú gbogbo ayé náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́." Olórin fi etí aṣọ nu ojú.

Ìgbà yẹn ni ọ̀kan lára àwọn tó ń dúró níta, ọkùnrin kan tó ní ilé adìẹ ńlá lẹ́yìn odò, na ọrùn wọlé. Ó wo àpótí náà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe èyí fún yín? Tèmi náà ń dákú."

Ìbéèrè tó ti ń ba Ìyá Rédíò lẹ́rù láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan wá nìyí, ẹni tí wọ́n sì bi ló wà níwájú rẹ̀ yìí.

Ọ̀gá Adìẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á jáde síta síwájú gbogbo àwọn tó ru páálí. "Ìyá yìí ni. Ẹ wò ó dáadáa. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, òun ló kọ́ ajá tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀yìn kọ́tìnì télọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kọjá mi o! Ẹ̀rọ márùn-ún mi tó kù ló kọ́kọ́ kàn. Màmá, ṣé ọ̀la ni?"

"Ọ̀la kọ́," ni Ìyá Rédíò wí. "Ọjọ́ méje fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́dọ̀ fa wáyà rẹ̀ yọ ní ogójì ìgbà kó tó kúrò lọ́wọ́ mi."

"Ọjọ́ méje! Màmá, ẹ ṣàánú mi."

"Ẹ máa ní sùúrù, Ọ̀gá." Ó bọ́ awò wáyà, ó wá fi awò èèyàn wọ̀ láti lè rí ojú gbogbo wọn dáadáa, àwọn èèyàn tó dúró sínú oòrùn tí wọ́n ń wo òun. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé kò gbìyànjú láti fi pamọ́. Ọkùnrin ẹ̀yìn odò náà ti gbé páálí sílẹ̀, ó ń wá bírò láti kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù.